Tírélà Ìpàgọ́ fún Ọ̀nà Àpáta: Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Mí àti Ìdáhùn Mi

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo kọ́ ní Ìbàdàn kí n tó wá sí Phoenix ní Arizona, iṣẹ́ náà ni mo sì ń jẹ níbí. Tírélà ìpàgọ́ méjì ni mo ti fi ọwọ́ ara mi jó pọ̀. Àkọ́kọ́ ló kọ́ mi lọ́gbọ́n, èkejì ni èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjì ń lò báyìí. Látìgbà tí a ti ń gbé e kiri Arizona àti Utah ni àwọn èèyàn wa ní Houston, Dallas àti Atlanta ti ń pè mí, ìbéèrè wọn sì máa ń jọra. Mo kó wọn jọ síbí kí n lè dáhùn wọn dáadáa, torí àṣìṣe inú iṣẹ́ yìí lè gba ẹ̀mí.

Tírélà kẹ̀? Ṣé irú èyí tó ń kó símẹ́ǹtì ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn?

Rárá o. Ẹ fi ọkàn wo ọmọlanke: táyà méjì, àpótí kan lórí rẹ̀, ọ̀pá kan níwájú. Mọ́tò ló ń fa tiwa dípò kí èèyàn máa tì í. Oúnjẹ, omi, gáàsì àti bátìrì wà nínú àpótí yẹn. Àgọ́ tí a ń sùn wà lórí rẹ̀, à ń ṣí i bí ẹni ń ṣí agbòjò. Ó gbọ́dọ̀ lè tẹ̀lé mọ́tò dé ibi tí ọ̀dà ti tán, kó gun àpáta, kó wọ iyanrìn, kó la odò gbígbẹ kọjá, kó sì padà wálé láìtú.

Kì í ṣe nǹkan àná. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ilé iṣẹ́ American Bantam ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún tírélà kékeré tí Jeep àwọn ológun ń fà. Lẹ́yìn náà ni àwọn ológun Amẹ́ríkà tún ní èyí tí wọ́n ń pè ní M416. Nígbà tí wọ́n lò wọ́n tán tí wọ́n tà wọ́n fún aráàlú, àwọn tó fẹ́ràn ìgbẹ́ rà wọ́n, wọ́n sì gbé àgọ́ lé wọn lórí. Títí dòní, àwòṣe M416 yẹn ni ọ̀pọ̀ èyí tí èèyàn ń jó nílé.

Kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ mú bírò àti ìwé. Ilé ìdáná ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pè mí ti ń bẹ̀rẹ̀: irú síńkì wo, irú iná wo, irú àwọ̀ wo. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ẹ̀tẹ̀ tó wà nínú iṣẹ́ yìí ni ìwúwo, àti ibi tí ìwúwo náà jókòó sí.

Ìwé mọ́tò yín ni yóò sọ ohun tó lè fà. Jeep Wrangler onílẹ̀kùn méjì, 2,000 pọ́n-ùn ni, ìyẹn nǹkan bíi 900 kílò. Ọ̀pọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin lè fa 3,500 pọ́n-ùn, nǹkan bíi 1,590 kílò. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀dà ni iye yẹn wà fún. Tó bá di ti iyanrìn àti òkè, ìdajì rẹ̀ ni èmi fi ṣe òpin, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn yí mi lọ́kàn padà.

Bí tírélà mi kejì ṣe rí lórí ìwé nìyí kí n tó gé irin kankan. Ṣáásì pẹ̀lú táyà, sípíríǹgì àti ìkọ́: 290 kílò. Àpótí: 160. Àgọ́ orí rẹ̀: 65. Omi: 76. Bátìrì: 12. Fíríìjì pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀: 35. Gáàsì, ìkòkò, irinṣẹ́, aṣọ àti oúnjẹ: 110. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 748 kílò. Nígbà tí mo parí iṣẹ́, mo gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, ó fi kílò mọ́kànlélógún ju ohun tí mo kọ lọ. Péńtì àti bóòtì ni mo gbàgbé láti ṣírò.

Omi gan-an ni kí ẹ fojú sí. Àjọ tó ń bójú tó àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní Amẹ́ríkà máa ń sọ pé kí ẹni tó bá wọ aṣálẹ̀ ní gálọ́ọ̀nù kan lójúmọ́, lítà 3.8 nìyẹn. Èèyàn mẹ́rin fún ọjọ́ márùn-ún jẹ́ ogún gálọ́ọ̀nù. Ibẹ̀ ni kílò 76 mi ti wá. Ẹni tó bá fẹ́ máa wẹ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni wà nílé, kó mọ̀ pé mọ́tò rẹ̀ ni yóò san owó omi náà.

Ibo ni kí táyà wà lábẹ́ àpótí? Ṣé àárín gbùngbùn?

Àárín gbùngbùn ló máa ń wu ojú, ibẹ̀ sì ni ewu wà. Ẹ pín gígùn àpótí sí mẹ́wàá: kí mẹ́fà wà níwájú axle, ìyẹn irin gbọọrọ tó so táyà méjèèjì pọ̀, kí mẹ́rin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn kàn jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni. Òfin gidi rẹ̀ ni pé ìwúwo tí ẹnu tírélà gbé lé ìkọ́ mọ́tò gbọ́dọ̀ wà láàárín ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo tírélà. Fún tírélà oníkílò 748, kílò 75 sí 112 nìyẹn.

Bí ẹnu bá fúyẹ́ jù, ìdí á máa darí orí. Mo ti rí i. Lẹ́yìn axle ni mo gbé tánkì omi, àpótí irinṣẹ́ àti sípíà táyà tírélà mi àkọ́kọ́ sí, torí ọwọ́ máa ń tètè tó wọn níbẹ̀. À ń bọ̀ láti Flagstaff lórí márosẹ̀ I-17, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Sunset Point níbi tí ọ̀nà ti ń da gẹ̀rẹ́ lọ sí Black Canyon City. Mo wo díńgí, mo rí i tó ju ara rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó jù ú sósì. Ìjù kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ̀kẹta tún le ju ìyẹn. Sítíárìn ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Ìyàwó mi na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di ọmọ mú. Mi ò tẹ bíréèkì, torí bí mo bá tẹ̀ ẹ́ gírí, tírélà yóò ti ìdí mọ́tò yí. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, mo di sítíárìn mú gbọn-in láìyí i tẹ̀lé e, títí eré fi ṣẹ́, tí ó sì dákẹ́. A dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo délé ni mo wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ara nínú ilé ni mo lò, ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé bíríkì kan sílẹ̀ níhìn-ín, òṣùwọ̀n lọ́hùn-ún, kí ẹ fi pákó tó nípọn dá wọn kọjá, kí ẹ sì dá òṣùwọ̀n padà sí òdo. Ẹ jẹ́ kí ẹnu tírélà jókòó sórí pákó níbi tó fi ẹsẹ̀ bàtà kan jìnnà sí bíríkì, tó sì fi ẹsẹ̀ bàtà méjì jìnnà sí òṣùwọ̀n. Ohun tí òṣùwọ̀n bá sọ, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Kí gbogbo ẹrù wà nínú tírélà, kí ó sì dúró pẹrẹsẹ. Tèmi sọ 13. Kílò 39 nìyẹn, lórí tírélà tó wọn 700. Kò tó ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún.

Nínú tírélà kejì, orí axle gan-an ni tánkì omi wà. Ẹ ronú sí i: omi ni ẹrù tó ń dínkù jù bí ẹ ti ń lọ. Tó bá wà níwájú, ẹnu yóò máa fúyẹ́ lójoojúmọ́; tó bá wà lẹ́yìn, ẹnu yóò fúyẹ́ ní ọjọ́ tí ẹ bá rọ ọ́ kún. Lórí axle, kò fi bẹ́ẹ̀ kan ẹnikẹ́ni.

Irú irin wo ni kí n fi ṣe ṣáásì?

Fún tírélà tí kò ju 900 kílò lọ, páìpù onígun mẹ́rin ti íǹṣì 2 sí 3, tó nípọn tó mìlímítà 3, ti tó. Ọ̀pá iwájú nìkan ni mo máa ń fi èyí tó nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣe. Kí ọ̀pá náà gùn díẹ̀: bó bá kúrú jù, igun àpótí yóò gún mọ́tò lẹ́yìn nígbà tí ẹ bá ń yí ní kọ̀rọ̀, rífáàsì yóò sì sú yín.

Irin kì í sábà dá ara rẹ̀ ṣẹ́. Ibi tí a jó ni ọ̀rọ̀ wà. Lábẹ́ ọ̀pá iwájú tírélà àkọ́kọ́, mo jó irin pẹlẹbẹ kan dábùú láti gbé àpótí bátìrì. Ìgbà kẹta tí a ti Utah dé, mò ń fọ erùpẹ̀ kúrò, mo rí ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun orí, àwọ̀ rẹ̀ bíi ti ìpẹtà, ó sáré gba etí ibi tí mo jó. Mo fi èékánná kàn án, ó há èékánná. Ọ̀pá tó ń fa gbogbo tírélà ti ń ya, a sì ti fi bẹ́ẹ̀ rin ọgọ́rùn-ún máìlì.

Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pá iwájú ń tẹ̀ sókè sódò ní gbogbo ìgbà tí táyà bá bọ́ sínú kòtò. Ìsàlẹ̀ àti òkè rẹ̀ ló ń jìyà jù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í jìyà tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá jó nǹkan dábùú ìsàlẹ̀ yẹn, a ti la ọ̀nà tí yóò gbà ya nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ti jó, kí ojú ìjó máa bá gígùn irin lọ. Bí ó bá ti ya, ẹ lu ihò kékeré sí ìparí ìlà náà lọ́tùn-ún àti lósì kó má baà sá lọ síwájú, ẹ fi máṣíìnì gbẹ́ ẹ ṣí, ẹ jó o kún, kí ẹ wá fi irin tí orí àti ìdí rẹ̀ ṣóńṣó lẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí ẹ kò bá ní ìdánilójú nínú ọwọ́ yín, ẹ gba ọ̀gá wẹ́dà kan fún ọ̀pá iwájú nìkan. Owó ọjọ́ kan ni.

Bí wọ́n bá fi síńkì (zinc) bo irin kó má baà dípẹtà, ẹ lọ̀ ọ́ kúrò kí ẹ tó jó o, kí ẹ sì ṣiṣẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Èéfín rẹ̀ ń fa ibà. Mílíìkì tí a máa ń mu nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ kì í wo ohun tí ẹ bá ti fà símú.

Sípíríǹgì wo ló dára jù?

Oríṣi mẹ́ta ni ẹ ó máa gbọ́. Èyí tó jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn bíi ti mólúè. Èyí tó fi rọ́bà pamọ́ sínú axle. Àti èyí tí kò ní axle rárá, tí táyà kọ̀ọ̀kan dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáásì. Ẹ̀kẹta yìí dára púpọ̀ lórí àpáta nítorí kò sí irin láàárín tí òkúta lè kọ́. Àmọ́ ó béèrè pé kí ṣáásì le gan-an, torí ibì kan ṣoṣo ló ti ń gbé gbogbo ìyà náà lé e.

Ẹni tó ń ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀, irin pẹlẹbẹ pẹ̀lú ṣọ́kù ni mo máa ń sọ fún un. Bí ó bá kán nínú ìgbẹ́, ìlú kékeré èyíkéyìí tó bá ní ṣọ́ọ̀bù tírélà àgbẹ̀ yóò ní i. Ohun tí èèyàn máa ń ṣe tí kò dára ni pé wọ́n á ra sípíríǹgì tó lè gbé 1,600 kílò fún tírélà oníkílò 750, wọ́n á ní ó lágbára. Kò ní tẹ̀. Tírélà yóò máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ẹyin inú fíríìjì á fọ́, bóòtì á máa tú. Ẹ ra èyí tó sún mọ́ ìwúwo yín pẹ̀lú àlékún díẹ̀.

Ṣé táyà tírélà lásán kò tó?

Ẹ fi táyà àti ríìmù tó bá ti mọ́tò yín mu sí i, kí nọ́ọ̀tì rẹ̀ dọ́gba. Wrangler tí wọ́n ń pè ní JK àti JL ní nọ́ọ̀tì márùn-ún lórí òbìrí tó fẹ̀ ní íǹṣì 5. Toyota Tacoma tí a ń lò ní mẹ́fà lórí òbìrí íǹṣì 5.5. Sípíà kan yóò wá ṣiṣẹ́ fún mọ́tò àti tírélà. Kí fífẹ̀ láti táyà dé táyà náà bá ti mọ́tò mu, kí tírélà lè máa tẹ ojú ipa tí mọ́tò ti là. Nínú iyanrìn, ẹ yóò mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ṣé ìkọ́ olórí bọ́ọ̀lù kò lè ṣe é?

Lójú ọ̀dà, ó ń ṣe é dáadáa. Lórí àpáta, mọ́tò lè fì sọ́tùn-ún kí tírélà fì sósì, bọ́ọ̀lù kò sì lè yí tó bẹ́ẹ̀. Á há, tàbí kó bọ́. Ìkọ́ tó ń yí sí gbogbo ọ̀nà ni kí ẹ rà. Ti àwọn ológun, òrùka irin nínú ìkọ́ ńlá, lágbára, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń gbá mọ́tò lẹ́yìn bí ẹ bá ń tẹ bíréèkì. Ṣéènì ààbò méjì tó so tírélà mọ́ mọ́tò, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ara wọn lábẹ́ ìkọ́, kí wọ́n lè gba ẹnu tírélà dúró bó bá já.

Kí ni òfin sọ nípa bíréèkì àti nọ́ńbà?

Ìpínlẹ̀ kò dọ́gba. California ń béèrè bíréèkì láti 1,500 pọ́n-ùn. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn, ó di 3,000. Ibi yòówù kí ẹ wà, ẹ fi bíréèkì oníná sí i, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń mú bíréèkì fúnra rẹ̀ bí tírélà bá já kúrò. Ẹni tó bá ti da gẹ̀rẹ́ ní I-17 pẹ̀lú mi kò ní bá mi jiyàn.

Ní ti nọ́ńbà, ẹ kàn sí ọ́fíìsì ọkọ̀ ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó jó irin. Wọ́n sábà máa ń yẹ tírélà ilé wò, wọ́n á sì fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ tọ́jú rìsíìtì irin, axle àti táyà.

Bátìrì mélòó ni mo nílò?

Ọ̀kan, bí ẹ bá lò ó bó ṣe yẹ. Fíríìjì oníná kékeré ló ń jẹ iná jù, nǹkan bíi 400 sí 500 wáàtì-wákàtí lójúmọ́ nígbà ooru. Bátìrì lithium iron phosphate ti 100 Ah (ampere-wákàtí) ní nǹkan bíi 1,280 wáàtì-wákàtí nínú. Ti asíìdì àtijọ́ tó tóbi tó o wúwo ju ìlọ́po méjì lọ, ìdajì rẹ̀ péré lẹ sì lè lò láìbà á jẹ́. Páńẹ́lì sólà 200 wáàtì lórí oòrùn Arizona ń dá ohun tí fíríìjì jẹ padà, ó sì tún ń ṣẹ́kù.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ẹ má ṣe cháàjì bátìrì lithium nígbà tí òtútù bá ti bọ́ sábẹ́ òdo Celsius. Phoenix kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Flagstaff ga ju mítà 2,000 lọ, omi ń di yìnyín níbẹ̀. Ẹ ra èyí tó lè dá ara rẹ̀ dúró bí òtútù bá mú.

Báwo ni ẹ ṣe ṣe ilé ìdáná tiyín?

Ibí ni mo fẹ́ràn jù, torí ibí ni tírélà ti di tiwa. Gbogbo ilé ìdáná tí mo rí lára èyí tí wọ́n ń tà, ẹyin díndín àti kọfí ni wọ́n ṣe é fún. Ìyàwó mi gbé ìkòkò àmàlà lé tábìlì àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ó fi orógùn kàn án lẹ́ẹ̀mejì, tábìlì ń mì, ìkòkò ń yí tẹ̀lé orógùn, gáàsì ń kú. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá Tèmi, ta lo ṣe èyí fún?"

Mo tún un ṣe. Tábìlì rẹ̀ ń yọ jáde bíi dúrọ́ọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ẹsẹ̀ kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ tẹ ilẹ̀, èyí tí a lè fà gùn tàbí kúrú. Gíga rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 28 dípò 36 tí wọ́n máa ń ṣe, torí ẹni tó ń ro àmàlà ní láti lè tẹ̀ ẹ́ láti òkè. Mo jó irin kékeré mẹ́ta yí ojú iná ká, ó há ìkòkò mọ́lẹ̀ bí ẹni fi ẹsẹ̀ méjèèjì dì í mú. Mo fi páànù dí afẹ́fẹ́ ní apá mẹ́ta. Báyìí, a ro àmàlà lórí òkè nítòsí Moab ní Utah nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kò sí kókó nínú rẹ̀.

Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá jò, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Ìta ni kí sílíńdà wà, tàbí nínú àpótí tó ní ihò nísàlẹ̀. Ẹ má sì gbé iná ìdáná wọ inú àgọ́ láti fi yá ara rárá. Èéfín tí a kò rí, tí a kò sì gbóòórùn rẹ̀, ń pa odindi ìdílé lójú oorun.

Ṣé eruku le tó bí wọ́n ṣe ń sọ?

Ó le jù bẹ́ẹ̀. Gààrí Ìjẹ̀bú tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa láti ilé, mo ṣí i ní òru ọjọ́ kejì, ó ti pọ́n. Eruku pupa Utah ti gba etí ilẹ̀kùn wọlé. Rọ́bà oníhò nínú ni kí ẹ fi yí ilẹ̀kùn ká, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lè fún un mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ti dí gbogbo rẹ̀, ẹ ṣe ihò kan síwájú lókè, níbi tí eruku kò pọ̀ sí, kí ẹ fi fóòmù bò ó. Bí ẹ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ tó gba ibẹ̀ wọlé á máa ti eruku síta.

Ibo ni kí n ti dán an wò?

Ẹ kọ́kọ́ rin àádọ́ta máìlì lójú ọ̀dà. Ẹ dúró, ẹ fún nọ́ọ̀tì táyà le, kí ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ sún mọ́ àárín táyà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá gbóná ju èkejì lọ, bẹ́árìn tàbí bíréèkì rẹ̀ kò dára.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọ̀nà onípáànù, ọ̀nà erùpẹ̀ tó ní gọ́ńgọ́-gọ́ńgọ́ bíi páànù òrùlé. Òun ló ń tú tírélà ju òkúta lọ. Èmi gbé tèmi lọ sí Hole-in-the-Rock Road lẹ́bàá Escalante ní Utah, ó gùn tó nǹkan bíi ọgọ́ta máìlì. Ọ̀nà yẹn gan-an ni àwọn ìdílé ìjọ Mormon gbà lọ́dún 1879 sí 1880. Nǹkan bí 250 èèyàn ni wọ́n, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù tó lé lọ́gọ́rin. Wọ́n rò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, ó gbà wọ́n ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, wọ́n sì fi okùn sọ kẹ̀kẹ́ wọn kalẹ̀ láàárín àpáta dé odò Colorado. Mo dúró síbẹ̀, mo wo àlàfo náà, mo ronú nípa wẹ́dà tí wọn kò ní.

Lórí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ tí àjọ BLM ń bójú tó, ẹ sábà lè pàgọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ 14 nínú 28. Ẹ ka òfin ibi tí ẹ ń lọ.

Ìgbà wo ni kí n kùn ún?

Lẹ́yìn ìrìn àjò kẹta, kó má ṣáájú. Ẹ fi péńtì àkọ́bẹ̀rẹ̀ lásán bò ó kó má dípẹtà, kí ẹ sì máa lò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ ó rí ìlẹ̀kùn tó yẹ kó ṣí sí apá kejì, irin tó yẹ kí ẹ gé, ibi tó ń ya. Gbogbo ìyẹn ń fẹ́ iná wẹ́dà, péńtì tuntun kì í sì bá iná ṣe ọ̀rẹ́. Oṣù mẹ́rin ni tèmi fi wà ní àwọ̀ eérú. Àwọn ọmọ ló mú àwọ̀ ewé nígbẹ̀yìn.